Ilẹ̀ Tó Rọ̀ Jù ní Àgọ́-Ìwòyè

Inú ihò ni mo ti jẹun láyé mi. Ẹlòmíràn fi gègé jẹun, ẹlòmíràn fi òṣùwọ̀n jẹun. Èmi Ràájì ọmọ Àtìkòrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kànga ni mo gbẹ́, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ọjọ́ tí orúnkún mi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn èwe tó ń wá kí mi a máa bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni kí a kọ́?" N kì í yan iṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé iṣẹ́ yòówù kí ẹ ṣe, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó fẹ́ ra ilẹ̀ sí ìgbèríko, kí ẹ kọ́lé sí i. Ọjọ́ náà ni kí ẹ rántí mi. Ilẹ̀ kì í purọ́ fún ẹni tó bá bi í léèrè. Àwa ènìyàn tí a ń gbé orí rẹ̀ ni ẹ̀rù wa ń bà mí. Mo ti dàgbà báyìí, síbẹ̀ tí mo bá rántí ohun tí ojú mi rí ní Àgọ́-Ìwòyè, ara mi á bù máṣọ.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn láti sọ. Bàbá mi kú, ìyá mi ń ta obì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí Òkè-Àgbò nílùú wa kan náà, lọ́dọ̀ Bàbá Ṣíttù agbẹ́kànga. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ dènìyàn." Bàbá Ṣíttù wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n na ọwọ́, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Ó rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n yóò le." Ó parí. Ìgbà ìjọba Wẹ́stàn Ríjíọ̀n ni, àkókò tí àwọn ọmọ tó kéré sí mi ń rọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́, tí kòkó ń lówó lórí, tí gbogbo ẹni tó bá rí ṣe ń wá ilẹ̀ tí yóò kọ́ ilé alápáànù lé. Níbi tí ilé bá pọ̀, kànga á pọ̀. Iṣẹ́ kò wọ́n wa.

Bàbá Ṣíttù kéré lára, ó sì gbẹ bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè dá àgbò méjì tó ń kàn dúró. Èèwọ̀ rẹ̀ pọ̀. A kì í rẹ́rìn-ín létí kànga. A kì í súfèé. A kì í sọ̀rọ̀ ìsọkúsọ nígbà tí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu súfèé, etí mi ló fi san án. Ó ní, "Ẹni tó wà nísàlẹ̀, etí ẹni tó wà lókè ló fi ń mí. Bí etí rẹ bá lọ síbòmíràn, o ti pa á." Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ihò, àtùpà ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Bí iná bá kú, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé mí, a ó padà sílé ọjọ́ náà, kódà kí onílé máa pariwo.

Ọ̀kan nínú èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá dígà rẹ̀ kọjá. Dígà náà ni irin gígùn tí a fi ń ya ilẹ̀. Agbẹ́kànga ni bàbá tó bí i, ìgbà tí bàbá náà sì fẹ́ dá àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó ra irin kan ṣoṣo, ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ gé e sí méjì, ó sì fín àmì onígun mẹ́ta sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣíttù gba ọ̀kan. Làwàní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba èkejì. Ẹnu àwọn ará ilé ni mo ti gbọ́ èyí, nítorí pé Bàbá Ṣíttù kì í dárúkọ Làwàní. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ kiri ìlú lọ́dún kan, kò sẹ́ni nílé tó mọ ibi tó wà, ìròyìn dé pé ó ti gba owó iṣẹ́, ó sì ti bá àwọn kan lọ sí Gáná, tí wọ́n ń pè ní Góòlù Kóòsì nígbà náà. Kò dágbére fún ìyá, kò ránṣẹ́ sí àbúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu ba Gáná lójú ọ̀gá mi, itọ́ ni yóò tu sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbẹ́. Ó tó ọdún kan kí ó tó jẹ́ kí n wọ inú ihò. Yóò mú mi lọ sórí ilẹ̀ oníbàárà, yóò ní kí n jókòó.

"Kí lo rí?"

"Koríko ni, Bàbá."

"Koríko wo? Ewúrẹ́ náà rí koríko."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí. Ó kọ́ mi pé níbi tí igi ògùrọ̀ tàbí abùrà bá ti ń hù, ẹsẹ̀ omi ni, kí ènìyàn má kọ́lé síbẹ̀, ì báà gbẹ lónìí. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fún erùpẹ̀ lọ́wọ́, ká mọ èyí tí yóò gbé ògiri dúró àti èyí tí yóò máa là ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lọ wò ó nígbà òjò, kí ó tún lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ilẹ̀ máa ń wọ ẹ̀wù méjì. Ó ní kí ó tẹ̀lé ọ̀nà ibẹ̀ dé òpin, kí ó mọ̀ bóyá ọ̀nà gbogbo ayé ni tàbí ọ̀nà tí ẹnìkan lè jí lọ́la kó fi igi dí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló máa wá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò: "Ilẹ̀ tó dára tó báyìí, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀?" Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ràájì, ọmọ aráyé kò gọ̀. Ẹran tí ológbò wò tí kò jẹ, bi ológbò kí o tó bù ú sẹ́nu."

A ṣiṣẹ́ kiri. A dé Wọ́tásáìdì náà, agbègbè etí ọ̀sà lápá Abígi, níbi tí ọkùnrin oníṣòwò ẹja kan, Jímọ̀, ti ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ náà tẹ́ bí ẹní, yanrìn rẹ̀ funfun, atẹ́gùn ń fẹ́. Ó ní ká gbẹ́ kànga, kí bíríkìlà tó dé. Bàbá Ṣíttù kò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀, mo sì ń wo ohun tó ń wò: ihò àkàn ni, ó wà káàkiri.

Ó bi Jímọ̀ pé, "Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àkàn ni, Bàbá. Ọbẹ̀ ni."

"Àwọn ló kọ́kọ́ kọ́lé síbí. Ìlà wo sì nìyẹn lára igi?"

Ìlà ẹrẹ̀ kan wà lára àwọn igi tó yí ilẹ̀ náà ká, gbogbo rẹ̀ wà ní ọgbọọgba, ó ga dé àyà mi. Jímọ̀ ní bóyá ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló ń fara nù ún. Ọ̀gá mi ní ẹlẹ́dẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í hàn òun. A gbẹ́ ihò náà nítorí pé ó ti rà á, ó sì ń bẹ̀ wá. Orúnkún mi kò tíì wọlẹ̀ tí omi fi yọ, ó pupa bí omi ewé tíì. Jímọ̀ yọ̀, ó ní omi ti sún mọ́ òun. Ó kọ́lé. Ìgbà tí a tún gba ibẹ̀ kọjá nínú òjò, ẹnu wa kò lè padé: ọkọ̀ ojú omi ni ó so mọ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sórí òrùlé pẹ̀lú adìẹ.

Mo rò pé n kò ní í rí ohun tó máa yà mí lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi hàn mí.

Obìnrin kan wà, Nọ́ọ̀sì Adébísí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti Òkè-Àgbò níbí. Ó ti ń gbẹ̀bí nílé ìwòsàn ìjọba ní Ìbàdàn tipẹ́. Ó fẹ́ padà wálé, kó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀ sí ìgbèríko Àgọ́-Ìwòyè, nítorí pé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń gbé àwọn aláboyún abúlé ibẹ̀ lọ ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn kò sì dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ló kó lé ilẹ̀ náà. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ojú dídì rajà. Ó mú lọ́yà, ó mú sọfíyọ̀ tó wọn ilẹ̀ tó sì ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, ó wá ní òjò, ó wá ní ẹ̀ẹ̀rùn. Olórí ẹbí tó tà á fún un, Sálámì, jẹ́ ọmọlúwàbí, ó búra pé kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀, òtítọ́ ló sì sọ.

Ilẹ̀ náà wà létí ọ̀nà. Ilé wà lọ́tùn-ún, ilé wà lósì, ilé wà lẹ́yìn. Àárín nìkan ló ṣófo, igbó ló bò ó, kò sí ẹ̀gẹ́, kò sí igi obì kan. Pèrègún kan dúró láàrin rẹ̀. Èmi náà rí pèrègún yẹn, mo sì ṣe háà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà, etí ilẹ̀ ló sì máa ń wà. Kí ni ọ̀kan ṣoṣo ń ṣe láàrin?

Bàbá Ṣíttù béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Sálámì, kí ló dé tí ẹ kò kọ́lé síbí láti ọjọ́ yìí?"

"Bàbá wa ló ní ká má fọwọ́ kàn án, Bàbá. A rò pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀kan nínú wa ni. Wọ́n ti kú báyìí, a sì jọ fohùn ṣọ̀kan láti tà á."

Ìdáhùn náà tó ènìyàn. Ọ̀gá mi mi orí, ó gbà. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ìrì òwúrọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wo òkìtì ọ̀gán, ó ń wo ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó dúró sí ibì kan, kò jìnnà sí pèrègún, ó ní, "Ibí ni omi wà." Sálámì fi àdá gé pèrègún náà dànù kí ó má bàa dí wa lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè yóò mọ̀ pé yangí ibẹ̀ le. Dígà máa ń dún lórí rẹ̀, apá á máa dun ènìyàn. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Dígà wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ. Inú mi dùn, mo ń gbẹ́, mo ń rọ erùpẹ̀ sí garawa, àwọn ọmọ Sálámì ń fà á sókè. Ihò náà ti jìn ju orí mi lọ dáadáa kí n tó gbọ́ ohùn ọ̀gá mi.

"Ràájì, jáde."

"Ó ń lọ dáadáa, Bàbá!"

"Mo ní kí o jáde."

Mo jáde. Ó na erùpẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. Pupa àti dúdú ti dà pọ̀ mọ́ra, èédú wà nínú rẹ̀, àfọ́kù ìkòkò wà nínú rẹ̀. "Ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá," ó ní, "ìpele ìpele ló ń wà. Èyí ti dà pọ̀ bí àsáró. Ilẹ̀ tó bá rọ̀ jù, ènìyàn ti gbẹ́ ẹ rí." Ó yíjú sí Sálámì. "Ṣé kànga ti wà níbí rí?"

"Láéláé, Bàbá. Níbí ni wọ́n bí mi sí. Kò sí kànga kankan."

Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n wọlé mọ́ títí a fi wá pákó láti ilé ìlagi, tí a fi ti ògiri ihò náà yíká kí ó má ya lù mí. Ó bínú sí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ti gbẹ́ ibi tí òun yàn. Láti ọjọ́ náà la ti ń gbẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọ̀sán kan, dígà mi kan irin.

Mo rò pé irin ọkọ̀ ni. Mo fọwọ́ walẹ̀ yí i ká, mo fà á, ó jáde. Dígà ni, ó ti dípẹtà, ó wúwo. Mo fi sí garawa, mo kígbe kí wọ́n fà á. Ó gòkè lọ. Mo dúró de garawa kí ó padà. Kò padà. Mo pe, "Bàbá!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ọkùnrin tó kọ́ mi pé etí ẹni òkè ni ẹni ìsàlẹ̀ fi ń mí, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò dúró de okùn, àwọn pákó ara ògiri ni mo fẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè jáde.

Ó jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀. Dígà méjì wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fi èékánná ha ìpẹtà kúrò lọ́rùn èyí tí mo rán sókè. Àmì onígun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Irin kan náà ni, ó nípọn bákan náà, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà ló fín in.

Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Kí lo tún rí níbẹ̀?"

"N kò tíì rí nǹkan mìíràn, Bàbá."

"Wàá rí i," ó ní.

Ó fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ Sálámì dì í mú. Èmi ni mo padà wọlé. Mo ju dígà sílẹ̀, mo ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ rí, àwọn eegun ọwọ́. Ó na ọwọ́ náà sókè, bí ẹni tó ń béèrè okùn.

N kò mọ bí mo ṣe dé òkè. Mo mọ̀ pé mo ń bì, pé Nọ́ọ̀sì Adébísí, tó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́jọ́ náà, ló di orí mi mú. Sálámì ti dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ọ̀gá mi, ó ń wí pé, "N kò mọ̀, Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀." Gbogbo àdúgbò ti yí wa ká. Ohun tó wá yé mi níbẹ̀ ló dẹ́rù bà mí jù: kò sẹ́ni tó darí ọ̀gá mi síbẹ̀. Bàbá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì ní bí a ṣe ń wá omi. Ibi tí ojú ẹ̀gbọ́n ti rí omi ni ojú àbúrò náà ti rí i.

Ìgbà náà ni arúgbó kan jáde láti ilé ẹ̀yìn, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Wọ́n ń pè é ní Màmá Ràbí. Àbúrò bàbá tó bí Sálámì ni. Ó wo pèrègún tí wọ́n gé sílẹ̀, ó wo ihò, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo gbìn ín," ó ní. "Mo gbìn ín kí n má bàa gbàgbé ibi tó wà."

Ọ̀gá mi ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Làwàní ni. Ọmọbìnrin ni mí nígbà náà, n kò tíì lọ sílé ọkọ. Ó ń gbẹ́ kànga fún ẹ̀gbọ́n mi, òjò rọ̀, ó ní òun fẹ́ parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó tún rọ̀ sí i. Ilẹ̀ ya lù ú. A pè é, a pè é. Kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá ìdílé kan ṣẹjọ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ó ní wọn yóò sọ pé òun ló pa á, wọn yóò ti òun mọ́lé, ilẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní kí a fi erùpẹ̀ dí ihò náà. Ó fi Kùránì lé wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé a kò ní í sọ. Òun ló sọ fún aráyé pé ọkùnrin náà ti gba Gáná lọ."

Sálámì gbé orí sókè nínú erùpẹ̀. "Màmá! A ta ilẹ̀ yìí, ẹ wà nínú ilé, ẹ kò sọ̀rọ̀?"

Arúgbó náà wò ó. "Ẹ̀yin ọkùnrin ló ṣèpàdé. Ta ló bi mí?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ralẹ̀. Kò sí ìwé tí nọ́ọ̀sì náà kò ní. Ọ̀gá mi náà béèrè ìbéèrè tó yẹ. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ló ti béèrè. Ẹni tó mọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ì bá mú ti kú, àwọn tó bá a dí ihò náà sì ti kú tán, àfi obìnrin kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí a gbé òkú wa. A kó Làwàní jáde pẹ̀lú aṣọ funfun, a kírun sí i lára, a sin ín sí Òkè-Àgbò. Kí a tó sin ín, ọ̀gá mi ní láti sọ fún ìyá wọn.

Ìyá náà wà láàyè. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá Làwàní ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé Làwàní ni àkọ́bí rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ẹnìkan ti Gáná dé, ó máa ń ní kí wọ́n mú òun lọ bá onítọ̀hún. Ọ̀gá mi jókòó níwájú rẹ̀, ó gbé dígà tí a hú jáde lé e lọ́wọ́.

Ìyá fọwọ́ pa ọrùn irin náà. "Ṣíttù, tìrẹ ni."

"Tèmi nìyí, Ìyá." Ó gbé èkejì lé e lọ́wọ́ kejì.

Ìyá di irin méjèèjì mú. Ó ní, "Níbo?"

"Àgọ́-Ìwòyè ni."

"Àgọ́-Ìwòyè wo? Èyí tí mo ti ń lọ nájà?" Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Létí ọ̀nà?"

"Létí ọ̀nà ni, Ìyá."

"Mo ń ru agbọ̀n orógbó kọjá lára ọmọ mi," ó ní. "Ọjọ́ ọjà gbogbo ni mo ń kọjá lára rẹ̀."

Ìgbà náà ni ọ̀gá mi wá bú sẹ́kún. Ó ń lu àyà, ó ń wí pé, "Mo bú u, Ìyá. Láti ọjọ́ yìí, òkú ni mò ń bú." Ọkùnrin tó le bí yangí, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Bàbá Ṣíttù kò wọ kànga mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó wà lókè, ó ń tẹ́tí, èmi ni mo ń wọlé, ìgbà tó sì kú, mo di ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì Adébísí kò gba ilẹ̀ náà mọ́. Ẹbí Sálámì fún un ní òmíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, lọ́nà abúlé tó tẹ̀lé e. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní kí gbogbo wọn jáde, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti ìyàwó ilé, kí wọ́n jókòó sórí ẹní. Ó wá ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí lo mọ̀ nípa ilẹ̀ yìí?" Èmi ni mo gbẹ́ kànga ibẹ̀. Yangí rẹ̀ le, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lápá, inú mi sì dùn sí gbogbo líle náà. Àìmọye ọmọ ló fi omi rẹ̀ wẹ ìwẹ̀ àkọ́kọ́ láyé.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Pákó ni a fi ń ti ògiri tẹ́lẹ̀, òrùka kọnkéré dé, a ń sọ wọ́n kalẹ̀ lórí ara wọn, ikú agbẹ́kànga sì dínkù. Okùn ọ̀pẹ di okùn ọ̀rá. Ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, bóhòlù dé, ọkọ̀ ńlá kan á wá, á lu ilẹ̀ ní òwúrọ̀, omi á yọ kí oòrùn tó wọ̀, kò sẹ́ni tó wọ inú ihò. Mo dúpẹ́ fún un. Ohun tó kàn ń bà mí lẹ́rù ni pé ọkọ̀ náà kò mọ ilẹ̀ tó rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó le. Ohun gbogbo ló ń gún kọjá. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi ẹnu yín béèrè ohun tí kò lè béèrè.

Ohun kan wà tí mo fò, nítorí pé ó ṣòro fún mi láti sọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kan já Màmá Ràbí sílẹ̀ ní Òkè-Àgbò. Òun nìkan ló wá. Ọ̀gá mi dìde lójijì nígbà tó rí i, mo rò pé yóò lé e. Obìnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Làwàní.

"Ta nìyẹn?" Ìyá béèrè.

"Orúkọ mi ni Ràbí, láti Àgọ́-Ìwòyè. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún Làwàní níbi iṣẹ́."

A ń retí èpè. Mo rí i tí ọ̀gá mi di òpó ilé mú.

Ìyá ní, "Ọjọ́ tó kẹ́yìn ńkọ́? Kí ló jẹ?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni, Ìyá. Èmi ni mo sè é. Mo fi ẹja sí i."

"Ṣé ó yó?"

Màmá Ràbí ní, "Ó ní kí n bù sí i. Mo bù sí i. Ó jẹ ẹ́ tán."

Ìyá Làwàní mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyè tó ṣẹ́ kù.

"Dìde lórí eékún," ó ní. "Wá jókòó síbí."